Ẹ Má Fi Haidirójìn Dá Wa Dúró

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé wa, láti Cotonou títí dé Abuja: haidirójìn ni ọkọ̀ Áfíríkà yóò fi máa rìn lọ́la. Wọ́n ní a ní oòrùn, a ní omi, a ní ilẹ̀, kí ló tún kù? Wọ́n ní ọkọ̀ oníbátìrì kò bá tálákà mu, torí bátìrì ń pẹ́ kó tó kún, ooru ń bà á jẹ́, iná SBEE, ilé iṣẹ́ iná Benin, kò sì ṣeé gbára lé. Haidirójìn ní tirẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló fi ń kún inú ọkọ̀, bí ẹní ra epo. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ó ti wọ rédíò, ó ti wọ yàrá ẹ̀kọ́, ó sì ti wọ etí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti yunifásítì bọ̀ wálé sí Adja-Ouèrè, ní agbègbè Plateau ní Benin, nígbà ìsinmi, tí wọ́n ń sọ fún àwọn bàbá wọn pé kí wọ́n má tíì náwó lé ọ̀kadà oníbátìrì, ohun tó dára jù bẹ́ẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà.

Mi ò gbà. Mi ò sọ pé haidirójìn kò wúlò fún nǹkan kan láyé. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò yẹ fún ọkọ̀ ojú títì, àgàgà ọkọ̀ tiwa níhìn-ín, àti pé bí a bá jókòó tì í, kpayo, epo inú ìgò ẹ̀gbẹ́ títì, la ó máa rà títí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ọkọ̀ tí à ń jà lé lórí. Bí wọ́n bá dárúkọ ọkọ̀ nínú gbọ̀ngàn àpérò, mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni ọkàn gbogbo wọn ń lọ sí, irú Toyota Mirai tí àwọn ará Japan gbé jáde ní ìparí ọdún 2014. Ẹ wá dúró ní Ikpinlè nílé wa níhìn-ín lọ́jọ́ ọjà, kí ẹ ka iye mọ́tò tó kọjá, kí ẹ wá ka ọ̀kadà. Zémidjan, ọ̀kadà akérò wa, ló ń gbé àpò àgbàdo bọ̀ láti Kpoulou, òun ló ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa láti Oko-Akaré, òun ló ń gbé olùkọ́ lọ sílé ẹ̀kọ́, òun náà ló ń gbé aboyún tó ń rọbí lọ sílé ìwòsàn lóru. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta akẹ́rù ló tẹ̀lé e. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kì í rin ìrìn àjò tó jìn. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, lórí ọ̀nà erùpẹ̀ pupa kan náà, láti àárọ̀ títí di alẹ́, wọ́n á sì sùn sílé olówó wọn. Ẹni tó bá ń bá wa sọ̀rọ̀ agbára tí kò ní èéfín, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dé orí ọ̀kadà yìí, ìlú ẹlòmíràn ló ń bá tún ṣe.

Kí ni ọ̀kadà náà ń mu? Kpayo ni, bẹntiróòlù tí wọ́n ń fàyàwọ́ rẹ̀ láti Naijiria, tí wọ́n ń tà nínú ìgò àti kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti Sakété dé Pobè, dé Kétou. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi jẹ àǹfààní rẹ̀, torí ìjọba Naijiria ló ń san lára owó epo náà. Ṣùgbọ́n oore tí ìjọba ẹlòmíràn ṣe fún ọ láìmọ̀, ó lè gbà á padà láìsọ fún ọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Buhari ti ẹnubodè pa, oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019 yẹn náà, àwọn aṣọ́bodè Naijiria pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé epo lọ sí ilé epo kankan tí kò jìnnà tó kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Nígbà tó wá di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Bola Tinubu dìde níbi ìbúra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ààrẹ Naijiria, ó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kpayo tí à ń rà ní bíi fúráńkì 350 ti ré kọjá 600. Ọlọ́kadà kan ní Massè kò dìbò ní Naijiria, kò dé Abuja rí, síbẹ̀ gbólóhùn kan láti Abuja ló mú kí oúnjẹ alẹ́ ilé rẹ̀ dín kù. Kò tó oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, ibi tí wọ́n ń kó kpayo pamọ́ sí gbiná ní Sèmè-Podji, ènìyàn tó ju 30 lọ sì kú sínú iná náà.

Nítorí náà, ó yẹ ká kúrò lórí kpayo, ó sì yẹ ká tètè kúrò. Lórí ìyẹn, èmi àti àwọn olólùfẹ́ haidirójìn kò jà. Ohun tí a ó fi rọ́pò rẹ̀, àti ìgbà tí a ó bẹ̀rẹ̀, ni a ti pínyà.

Haidirójìn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ bí epo rọ̀bì. Ṣíṣe ni wọ́n ń ṣe é (ti Mali yàtọ̀, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀). Èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tí ayé ń lò lónìí, ara gáàsì àti èédú ni wọ́n ti ń yọ ọ́, èéfín rẹ̀ kò sì kéré rárá. Èyí tí wọ́n ń pè ní aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń fi iná oòrùn tàbí ti afẹ́fẹ́ ṣe: wọ́n á fi iná náà pín omi sí méjì, ọ́síjìn lọ́tọ̀, haidirójìn lọ́tọ̀. Ó dára. Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀. Agbára tó wà nínú kìlò haidirójìn kan tó bíi kílówáàtì-wákàtí 33, ìwọ̀n iná kan náà tí SBEE ń kọ sínú ìwé owó iná wa. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó rí kìlò kan náà ṣe, iná tó ń jẹ jẹ́ 50 sí 55. Lẹ́yìn ìyẹn, ó fúyẹ́ débi pé ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fún un mọ́ra títí yóò fi le tó ìlọ́po 700 afẹ́fẹ́ tí à ń mí, kó tó lè gba inú àgbá kékeré tó wà lára mọ́tò. Iná ni ẹ̀rọ yẹn náà ń jẹ. Bó bá wá dé inú mọ́tò, wọ́n á tún sọ ọ́ di iná, iná yẹn ni yóò yí ẹ̀rọ tó ń yí táyà. Iná ló bẹ̀rẹ̀, iná ló parí. Ọkọ̀ haidirójìn, ọkọ̀ iná ni. Mirai tí wọ́n ń fi yangàn pàápàá ní bátìrì nínú, nítorí náà ẹni tó ń sá fún bátìrì kò tíì rí ibi sá sí.

Ó dà bí ẹni tó ní ẹ̀rọ ìlọta lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Ikpinlè, tó wá di àgbàdo rẹ̀ sọ́kọ̀ lọ lọ̀ ní Cotonou, tó tún gbé ìyẹ̀fun náà padà wá tà ní Ikpinlè. Nínú 100 tó jáde lára pánẹ́ẹ̀lì oòrùn, nǹkan bíi 30 ló ń dé ẹsẹ̀ táyà bó bá gba ọ̀nà haidirójìn. Bó bá gba ọ̀nà bátìrì, 70 sí 80 ló ń débẹ̀. Àìmọ̀ọ́ṣe kọ́ ló fà á. Bí ìṣẹ̀dá ṣe rí ni. Ọgbọ́n lè dín àdánù náà kù díẹ̀, kò lè mú un kúrò.

Ẹ má jẹ́ ká lọ jìnnà kí a tó rí àpẹẹrẹ. Ní Illoulofin, lápá Onigbolo ní Pobè, níbi tí ọlọ́kadà Adja-Ouèrè lè lọ kó sì bọ̀ láàárọ̀ kan, ilé iṣẹ́ iná oòrùn kan wà tí wọ́n ṣí ní ọdún 2022. Mẹ́gáwáàtì 25 ni agbára rẹ̀. Pẹ̀lú irú oòrùn tí agbègbè Plateau ń rí, ohun tó tóbi báyẹn lè pèsè bíi mílíọ̀nù kílówáàtì-wákàtí 35 lọ́dún. Ká ní zémidjan kan ń rin kìlómítà 120 lójúmọ́, tó sì ń ṣiṣẹ́ fún 300 ọjọ́ lọ́dún. Ọ̀kadà oníbátìrì ń jẹ tó kílówáàtì-wákàtí 4 fún kìlómítà 100, bí ẹrù orí rẹ̀ bá tiẹ̀ wúwo. Ẹ ṣe ìṣirò náà: iná Illoulofin nìkan lè gbé ọ̀kadà tó ju 24,000 lọ. Ẹ wá kó iná kan náà, ẹ kọ́kọ́ fi ṣe haidirójìn, ẹ wá fi haidirójìn gbé ọ̀kadà: kò ní tó 10,000. Ìlú tí iná rẹ̀ kò tíì tó gbogbo ilé ni yóò wá sọ ọ̀kadà 14,000 nù lójú ọ̀nà, nítorí kí wọ́n lè sọ nínú àpérò pé àwa náà ti bọ́ sínú ayé haidirójìn.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sí owó, torí owó ni ọlọ́kadà ń gbọ́. Ká ní lítà kpayo jẹ́ fúráńkì 650, tí ọ̀kadà sì ń mu lítà méjì àbọ̀ fún kìlómítà 100: fúráńkì 1,625 ni. Ká ní kílówáàtì-wákàtí iná jẹ́ fúráńkì 150: ọ̀kadà oníbátìrì á rin kìlómítà 100 yẹn pẹ̀lú fúráńkì 600. Ti haidirójìn ńkọ́? Iná tí wọ́n fi ṣe é nìkan á tó fúráńkì 1,500, wọn kò sì tíì san owó ẹ̀rọ tó ń pín omi, ẹ̀rọ tó ń fún un mọ́ra, ọkọ̀ tó ń gbé e kiri, àgbá tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, àti èrè ẹni tó dá a lé. Ó ti wọ́n ju kpayo lọ kí oníṣòwò tó la ẹnu. Ọlọ́kadà wo ló máa fi kpayo sílẹ̀ láti lọ ra ohun tó wọ́n ju kpayo?

Ìṣẹ́jú márùn-ún ńkọ́? Òun ló lágbára jù nínú ẹjọ́ wọn, mo sì gbà pé ó yẹ ká dá a lóhùn dáadáa. Òótọ́ ni pé zémidjan kò lè fi wákàtí mẹ́rin jókòó ti bátìrì nígbà tí oníbàárà ń dúró. Ṣùgbọ́n ta ló ní kó jókòó? Láti ọdún 2022 ni ilé iṣẹ́ Spiro, tí wọ́n ń pè ní M Auto nígbà yẹn, ti bẹ̀rẹ̀ sí gbé ọ̀kadà oníbátìrì jáde ní Benin àti Togo, pẹ̀lú ibùdó tí wọ́n ti ń pààrọ̀ bátìrì. Ọlọ́kadà á wọlé, á yọ bátìrì tó ti rẹ̀, á gbé èyí tó kún, á sanwó, á lọ. Kò pẹ́ tó kí wọ́n rọ kpayo láti inú ìgò. Ohun tí wọ́n ní kí a máa retí lọ́dọ̀ haidirójìn, ó ti wà ní Cotonou lónìí. Ibùdó haidirójìn kan ṣoṣo sì rèé, owó rẹ̀ ń ju mílíọ̀nù kan yúrò lọ, ìyẹn ju mílíọ̀nù 655 fúráńkì wa lọ, torí pé wọ́n gbọ́dọ̀ fún haidirójìn náà mọ́ra, kí wọ́n sì mú un tutù débi ìwọ̀n 40 sábẹ́ ibi tí omi ti ń dì, kí wọ́n tó lè rọ ọ́ sínú mọ́tò láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn. Ẹ̀rọ amúǹkantutù ilé ìwòsàn ìgbèríko mìíràn pàápàá, àtiríná fún un lójoojúmọ́ ogun ni.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀kadà haidirójìn náà dà? Ilé iṣẹ́ Kawasaki gbé ọ̀kan jáde fún àfihàn ní Japan ní ọdún 2024. Àfihàn ni. Ọlọ́kadà kò lè fi àfihàn gbé ẹrù.

Nínú ìbínú, àwọn kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi máa ń pariwo pé haidirójìn yóò gbẹ kànga wa. Ẹ má bá wọn sọ ọ́. Lítà omi bíi 9 ló ń di kìlò haidirójìn kan, àfikún díẹ̀ ló sì wà fún ìfọmọ́ àti ìmútutù. Ìyẹn kò tó ohun tó ń gbẹ kànga ẹnikẹ́ni ní Plateau. Ẹjọ́ tó dára kò nílò irọ́.

Ta ló wá ń fẹ́ haidirójìn yìí tó báyìí? Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, ìjọba Jámánì gbé ètò haidirójìn orílẹ̀-èdè wọn jáde. Nínú ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní H2Atlas-Africa pẹ̀lú àjọ ìwádìí ojú ọjọ́ WASCAL, èyí tí Benin náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, láti ya àwòrán ibi tí a ti lè ṣe haidirójìn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tó di ọdún 2021, mínísítà ìwádìí ìjìnlẹ̀ wọn kéde pé agbègbè wa lè ṣe tó tẹ́ráwáàtì-wákàtí 165,000 lọ́dún. Wọ́n dá ẹ̀kọ́ máásítà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa lórí rẹ̀ ní Niamey, Lomé, Abidjan àti Dakar. Ìyẹn dára, ẹ̀kọ́ kì í ṣòfò. ECOWAS náà gba ètò haidirójìn tirẹ̀ wọlé ní ọdún 2023. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: Jámánì kò wá haidirójìn kí zémidjan Ikpinlè lè rin ìrìn rẹ̀. Wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò fi rọ́pò gáàsì àti èédú nínú ilé iṣẹ́ irin àti kẹ́míkà tiwọn, wọ́n sì ń wo Mauritania àti Namibia fún un. Òwò ni. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn ṣe òwò, kó ṣe é, kó gba owó tó tọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọjà tí wọ́n fẹ́ rà lọ́wọ́ wa ni àwọn ọ̀mọ̀wé wa wá sọ di ohun tí àwa fúnra wa gbọ́dọ̀ máa lò.

Wọ́n á ní, Mali ńkọ́? Ó tọ́ kí wọ́n bi mí. Ní abúlé Bourakébougou, lọ́dún 1987, àwọn kan ń gbẹ́ kànga, wọ́n ń wá omi. Omi kò jáde, afẹ́fẹ́ ló jáde, ẹnìkan tó ń mu sìgá súnmọ́ ọn, ó sì gbiná. Wọ́n dí ihò náà pa, ó di ọ̀pọ̀ ọdún kí ilé iṣẹ́ Aliou Diallo, oníṣòwò ará Mali, tó padà síbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Haidirójìn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àbùlà kankan ni, tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe. Àrà ńlá nìyẹn, mi ò sì mọ ẹni tó gbọ́ ọ tí inú rẹ̀ kò dùn. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fi í ṣe? Wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń mú iná wá, ní ọdún 2012 abúlé náà sì rí iná tàn. Iná ni wọ́n sọ ọ́ dà níbẹ̀, lórí kànga rẹ̀, wọn kò gbé e sínú àgbá kiri ojú títì. Bí irú rẹ̀ bá jáde ní Adja-Ouèrè lọ́la, èmi ni yóò kọ́kọ́ jó, ohun kan náà ni n ó sì ní kí wọ́n fi í ṣe: iná, kí á fi iná náà kún bátìrì.

Àwọn tó lówó jù wá lọ ti gbìyànjú rẹ̀ wò. Ìlú Montpellier ní ilẹ̀ Faransé fẹ́ ra bọ́ọ̀sì haidirójìn 51. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, olórí ìlú náà, Michaël Delafosse, fagi lé e, ó ní owó tí wọn yóò máa ná lé e lórí tó ìlọ́po mẹ́fà ti bọ́ọ̀sì oníná. Ní California, Shell ti àwọn ibùdó haidirójìn tí wọ́n ṣí fún mọ́tò kéékèèké pa ní ọdún 2024. Stellantis, tó ń ṣe Peugeot àti Fiat, fi ètò ọkọ̀ haidirójìn rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2025. Ní Norway, ilẹ̀ tí òfin ààbò rẹ̀ le bí òkúta, ibùdó haidirójìn kan bú gbàmù ní Sandvika ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2019, torí pé wọ́n kò de ìdérí àgbá kan bó ti yẹ. Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Àwa tí a ń ta bẹntiróòlù nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná àkàrà, ta ni yóò máa yẹ ìdérí tiwa wò?

Wọ́n á wá sọ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ ọ̀nà ló wọ ọjà Ikpinlè. Ṣùgbọ́n ẹni tó ru ẹrù kì í gba ọ̀nà tó jìn jù nítorí kó lè sọ pé òun mọ ọ̀nà méjì.

Àwọn ọ̀nà yòókù náà wà, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Ìjọba Naijiria ń ti gáàsì sọ́wọ́ àwọn awakọ̀ láti ọdún 2023, bọ́ọ̀sì àti táksí ló sì bá mu jù. Gáàsì wọn ń dé Cotonou láti inú páìpù tó gba abẹ́ òkun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kúrò lórí kpayo Naijiria tó bọ́ sórí gáàsì Naijiria, àga kan náà ló ṣì jókòó lé. Epo pupa ńkọ́? Ilé ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè láti ọdún 1922, ilẹ̀ wa sì kún fún ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n dísẹ́ẹ̀lì ni epo pupa lè rọ́pò, ọ̀kadà kì í sì í mu dísẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ sì ni epo pupa. Ẹni tó bá sì ń rò pé a lè fi sódabì, ògógóró wa, gbé ọ̀kadà, kó kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń mu ún.

N kò ní sọ pé bátìrì kò ní àbùkù. Iná SBEE ń lọ. Ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, òjò àti kùrukùru ń bo oòrùn. Ṣùgbọ́n iná tó ń lọ mọ́ bátìrì lọ́wọ́, òun náà ni yóò lọ mọ́ ẹ̀rọ haidirójìn lọ́wọ́, èyí tó sì nílò iná ìlọ́po méjì àbọ̀ ni yóò kọ́kọ́ kú. Bátìrì tó wà nílẹ̀ ní ibùdó, ó ti jẹ́ ibi ìkó iná pamọ́ fúnra rẹ̀: nígbà tí iná bá wà, wọ́n á kún, nígbà tí kò bá sí, èyí tó kún á ṣì wà níbẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì oòrùn kílówáàtì 10 lórí òrùlé, ó lè pèsè iná tó máa gbé ọ̀kadà bíi mẹ́jọ fún iṣẹ́ ọjọ́ kan. Kò pọ̀. Ìdí nìyẹn tí òrùlé ọjà, ti ilé ẹ̀kọ́ àti ti ilé ìjọba ìbílẹ̀ fi gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, kí iná SBEE sì dí àlàfo tó bá kù.

Àbùkù tó ń bà mí lẹ́rù ju ti oòrùn lọ ni ti ẹni tó ni bátìrì. Nínú ètò ìpààrọ̀, ọlọ́kadà kì í ni bátìrì. Ilé iṣẹ́ ló ni ín. Bí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo bá ni gbogbo ibùdó tó wà lójú ọ̀nà, tí bátìrì ẹlòmíràn kò sì bá ọ̀kadà rẹ̀ mu, ó lè fi owó kún owó nígbà tó bá wù ú, ọlọ́kadà á sì padà di ẹrú, bí ó ti jẹ́ sí kpayo. Ìjọba Benin ló yẹ kó fòfin dé èyí nísinsìnyí, kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́: ìwọ̀n bátìrì kan tí gbogbo ọ̀kadà lè lò, iye owó ìpààrọ̀ tí wọ́n kọ sára ògiri, àti ẹ̀tọ́ ọlọ́kadà láti ra bátìrì tirẹ̀ bó bá fẹ́. Bátìrì tó bá ti gbó pàápàá gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò gbà á padà, kó má di ohun tí ọmọdé ń fọ́ lẹ́yìn ilé. Ká tó máa jà lórí haidirójìn, ìjà tó yẹ kí àwọn ọ̀mọ̀wé wa máa jà rèé.

Àwọn tó ń ta kpayo ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn, obìnrin ni, ìgò yẹn ni wọ́n fi ń sanwó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ. Ìjọba kan lọ, òmíràn dé, gbogbo wọn ló gbógun ti kpayo, kpayo kò sì kúrò, torí wọn kò fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ibùdó ìpààrọ̀ bátìrì ń fẹ́ ẹni tí yóò jókòó tì í láti àárọ̀ di alẹ́, tó mọ gbogbo ọlọ́kadà lórúkọ, tó sì mọ ẹni tí a lè tà fún láwìn. Ẹni yẹn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ti ní ibi tó dúró sí. Òun ni kí wọ́n fi ibùdó náà lé lọ́wọ́.

Ó ku trélà. Ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì wà ní Onigbolo, òmíràn wà ní Massè nílé wa níhìn-ín, àwọn ọkọ̀ wọn ló sì ń fọ́ títì wa. Àwọn olólùfẹ́ haidirójìn ní, ó dáa, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ti trélà. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí trélà tó ń lọ Malanville. Èyí tó ń kó símẹ́ǹtì láti Massè lọ sí Porto-Novo, tó sì ń padà wá lọ́jọ́ kan náà, bátìrì tó o.

Bí haidirójìn aláwọ̀ ewé bá sì wá dé lóòótọ́, mo mọ ibi tí ó yẹ kó lọ: oko. Yúríà tí àgbẹ̀ ń dà sídìí àgbàdo, haidirójìn ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Inú gáàsì ni wọ́n ti ń yọ ọ́, wọ́n á pò ó mọ́ náítírójìn inú afẹ́fẹ́, á di amóníà, amóníà á di yúríà. Bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Indorama ṣe ń ṣe é ní Eleme lẹ́bàá Port Harcourt, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Dangote ní Lekki, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹta ọdún 2022, tó lè ṣe tó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ́dún. Kò sí bátìrì tó lè ṣe yúríà. Níbẹ̀, haidirójìn kò ní arọ́pò, gbogbo owó tí a bá ná lé e sì ní ìtumọ̀. Àgbẹ̀ Tatonnonkon tí ajílẹ̀ wọ́n mọ́ lọ́wọ́ nígbà ìgbìn yóò jèrè rẹ̀ ju awakọ̀ kankan lọ. Àmọ́ n kò tíì gbọ́ ọ kí wọ́n fi ìyẹn ṣe orin lórí rédíò, torí kò ní táyà, kò sì dán.

Ìpààrọ̀ bátìrì tó wà báyìí, ìlú ńlá ló ṣì wọ́pọ̀ sí, àwọn ènìyàn sì gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn: kí Cotonou kọ́kọ́ jẹ, kí ìgbèríko dúró. Èmi kò gbà á. Ọlọ́kadà ìgbèríko ló jìnnà sí ilé epo gidi jù, òun ni gbogbo kpayo tó ń mu ń ti ẹnubodè wá, òun ni ọ̀nà rẹ̀ kúrú, tó sì ń padà síbi kan náà lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́. Gbogbo ohun tó mú kí bátìrì rọrùn ló wà lára iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Adja-Ouèrè, òrùlé ọjà Ikpinlè wà lọ́wọ́ yín. Ẹ pe àwọn tó ní ọ̀kadà oníbátìrì, ẹ fún wọn ní àyè lábẹ́ rẹ̀, ẹ sì fi dandan lé e pé kí wọ́n dá ibùdó sílẹ̀ ní Massè, Kpoulou àti Oko-Akaré kí wọ́n tó gba àyè kejì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ti yunifásítì bọ̀, ẹ má fi ọ̀rọ̀ haidirójìn dá ọwọ́ àwọn bàbá yín dúró mọ́. Ẹ bá wọn ka ìwé àdéhùn bátìrì kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá sì tún wá ta haidirójìn fún yín, ẹ bi í léèrè ohun méjì péré: èló ni kìlómítà 100, àti ọdún wo ni ibùdó rẹ̀ yóò dé Massè? Bí kò bá lè dá yín lóhùn, ẹ kí i kó dáa, kí ẹ wá lọ pààrọ̀ bátìrì yín.